Ìgò Tí Ẹ Kọ̀ Láti Ṣí: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Alábòójútó Ètò Àjẹsára ní Iléṣà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára wà níkàáwọ́ yín ní Iléṣà àti agbègbè rẹ̀, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ẹ ti pàṣẹ pé ọjọ́ àjẹsára tó ń wáyé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní dísípẹ́ńsárì àdúgbò wa ti dópin. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló kù, ibì kan ṣoṣo ní òdìkejì ìlú lẹ sì fẹ́ kí gbogbo ìyá ọmọ máa pọn ọmọ wọn lọ. Nígbà tí àwọn ìyá béèrè pé kí ló dé, ohun tí òṣìṣẹ́ yín sọ fún wọn ni pé àwa ará ibí kì í gba abẹ́rẹ́. Pé láti ìgbà Kòrónà lẹ ti mọ̀ wá bẹ́ẹ̀. Pé ẹ gbé abẹ́rẹ́ dé ẹnu ọ̀nà wa, a ò jáde. Ó ní ó wà nínú ìwé yín.

Èmi náà ní ìwé, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì bá tiyín mu.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ìsọ̀ mi kò jìnnà sí ọjà Àtàkúnmọ́sà. Mò ń tẹ ìwé, mò ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mò ń bá àwọn ọmọ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Ní 2021, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹni tó bá fẹ́ abẹ́rẹ́ Kòrónà forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn àgbàlagbà tí fóònù wọn kò ju ti ìpè lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ mi. Màá bá wọn forúkọ sílẹ̀, màá kọ nọ́ńbà tó bá jáde sí ìwé pélébé fún wọn, màá sì tún kọ ọ́ sínú nóòtù ẹlẹ́yìn líle kan, bóyá tọwọ́ wọn á sọnù. Àwọn tí wọ́n bá dá padà a máa yà lọ́dọ̀ mi, torí wọ́n rò pé nọ́ńbà tí mo fún wọn ni kò dára. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí wọ́n sọ fún wọn níbẹ̀ síwájú orúkọ wọn. N kò mọ̀ nígbà náà pé màá nílò rẹ̀ fún lẹ́tà báyìí.

1. Ọ̀rọ̀ ìgò. Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí èyí, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ Kòrónà AstraZeneca tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta 2021, tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 3.92, inú ìgò ló wà, ìgò kan fún èèyàn mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti ṣí ìgò, wákàtí mẹ́fà ló ní. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, dídànù ni. Nọ́ọ̀sì sì mọ̀ pé bí òun bá da oògùn ìjọba nù, wọ́n lè ní kí òun wá sọ tẹnu òun. Nítorí náà, bí èèyàn mẹ́rin bá dé, á ní kí wọ́n jókòó de àwọn yòókù. Bí oòrùn bá kan àtàrí tí wọn ò tíì pé mẹ́wàá, á ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n padà wá lọ́la. N kò bá nọ́ọ̀sì wí. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe, ìbẹ̀rù ìwé ìbéèrè ló sì ń bá a ṣe é. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù nínú nóòtù mi ni “wọn ò pé”.

Màmá kan wà tó ń ta ẹ̀lùbọ́ lọ́jà wa, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oṣù Kẹrin 2021 ló kọ́kọ́ lọ. Àwọn méje ló bá níbẹ̀, òun ló ṣe ìkẹjọ. Wọ́n jókòó títí di aago méjì, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Nígbà tó tún lọ lóṣù Karùn-ún, wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ dúró kí tẹlẹ́ẹ̀kejì àwọn tó ti gba ọ̀kan lè tó. Òtítọ́ ni wọ́n sọ fún un lọ́jọ́ yẹn; àmọ́ kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀ ní ọjà, kò sẹ́ni tó lẹ ìwé mọ́ ògiri, ó sì ti san owó ọ̀kadà lọ, ó san án bọ̀. Ní ìparí oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn tí mílíọ̀nù mẹ́rin abẹ́rẹ́ Kòrónà mìíràn, Moderna, ti dé láti Amẹ́ríkà, ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ní mọ́tò tó ń gbé abẹ́rẹ́ bọ̀ láti ibi tí fíríìjì wà kò tíì dé. Ó dúró. Mọ́tò náà kò dé.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá yìí fi ti ìsọ̀ rẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́. Ẹ wo ìwé yín fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ò ní rí orúkọ rẹ̀, torí ẹni tí ẹ gún lábẹ́rẹ́ nìkan lẹ ń kọ. Ẹni tó wá tí ẹ dá padà, kò wá rárá ni nínú ìṣirò yín. Òun àti ẹni tó jókòó sílé tó ń bú abẹ́rẹ́ ti di ọ̀kan náà. Orí ìṣirò yìí lẹ dúró lé tí ẹ fi ń fún ọmọ ìkókó ní ìyà jẹ lónìí.

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ kó abẹ́rẹ́ AstraZeneca 1,066,214 tí ọjọ́ ti kọjá lórí wọn lọ sí ààtàn kan ní Àbújá, wọ́n bà wọ́n jẹ́ lójú àwọn oníròyìn. Mo mọ ìdí rẹ̀: àwọn orílẹ̀-èdè tó fi wọ́n tọrẹ ti fi wọ́n pa mọ́ títí ọjọ́ wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí wa. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Àmọ́ ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ojú Màmá wò ó. Ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó rí i tí wọ́n ń da ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan nù, ó sì rántí pé torí kí ẹ má baà pàdánù méjì ni ẹ ṣe ní kí àwọn mẹ́jọ máa lọ ilé. Ó bi mí léèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé inú ìyẹn kọ́ ni tèmi wà?” N kò ní èsì fún un.

Bó ṣe rí nígbà náà ló ṣe rí títí dòní. Abẹ́rẹ́ èéyi, inú ìgò èèyàn mẹ́wàá ló wà, wákàtí mẹ́fà ni tòun náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pò ó. BCG tí à ń fún ọmọ tuntun nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìgò rẹ̀ fún ogún ọmọ. Àwọn ìyá ní àdúgbò wa ń gbọ́ “ẹ padà wá lọ́jọ́ tí ọmọ bá pọ̀” láti ọdún dé ọdún. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án, tó yẹ kó gba tèéyi, tí ẹ dá padà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá ní kó máa bọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní òdìkejì ìlú. Bí ọmọ náà bá ní ibà lọ́jọ́ kan yẹn ńkọ́? Bí kò bá sówó ọkọ̀ ńkọ́? Èéyi kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

2. Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò. Ní 2020, lẹ́yìn tí kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀ṣun ní ìparí oṣù Kẹta, ẹ̀rù bà wá gan-an. A gbọ́ nípa àwọn tó lé ní 100 tí wọ́n ń bọ̀ láti Ivory Coast tí wọ́n dá dúró ní Èjìgbò, tí wọ́n bá àrùn náà lára àwọn kan nínú wọn. Láàárín oṣù Kẹfà, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, kò gbóòórùn mọ́, bí ó bá jẹ iṣu bí ìgbà tó ń jẹ pákó ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé òun lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn: òun ló ní kí wọ́n gbé òun lọ. Wọ́n ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ olówùú bọ̀ ọ́ nímú àti lọ́fun, wọ́n ní kó lọ ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, àwọn á pè é.

Ọjọ́ kejìlá ni wọ́n tó pè é. Ara rẹ̀ ti yá. Wọ́n ní kò sí àrùn náà lára rẹ̀, wọ́n sì gé fóònù. Kò sí ìwé, kò sí òǹtẹ̀. Fún ọjọ́ méjìlá yẹn, yàrá kan ló wà, ẹ̀gbọ́n mi ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún un. Ìsọ̀ fọkánáísà rẹ̀ wà ní títì. Àwọn ará ilé kò jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn pọn omi nínú kànga mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n pè é pàápàá, àwọn aládùúgbò kò gbà á gbọ́, torí kò ní ìwé tó lè fi hàn wọ́n. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wúkọ́ ní agboolé wọn á ní ibà lásán ni, kò sẹ́ni tó tún gbà kí wọ́n gbé òun lọ. Ohun tí wọ́n rí ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé Ẹdẹ kò jìnnà sí wa. Ní Yunifásítì Redeemer's tó wà ní Ẹdẹ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba kòkòrò Kòrónà tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà lára ọmọ Ítálì kan, wọ́n sì ka àbùdá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láàárín ọjọ́ mélòó kan nínú oṣù Kẹta 2020. Kò sí ibì kankan ní Áfíríkà tó ti ṣe é ṣáájú wọn. Ìpínlẹ̀ wa ni. Mo fi ń yangàn títí dòní. Àmọ́ láti orí igi olówùú tí wọ́n fi nu imú èèyàn ní Iléṣà títí dé etí ẹni náà, ẹnì kan ló yẹ kó gbé èsì kó sì fi jíṣẹ́. Ibi tí nǹkan ti já nìyẹn, iṣẹ́ yín sì ni, kì í ṣe tàwọn onímọ̀.

3. Ọ̀rọ̀ àhesọ. N kò ní parọ́ fún yín pé kò sí. Mo gbọ́ pé 666, àmì ẹranko inú Bíbélì, ni abẹ́rẹ́ náà. Mo gbọ́ ti irin tó máa ń lẹ̀ mọ́ apá ẹni tó bá gbà á. Ọmọkùnrin kan tilẹ̀ mú owó wẹ́wẹ́ wá sí ìsọ̀ mi láti fi dán apá mi wò, ó sì já bọ́. Nínú oṣù Kẹta 2021, rédíò sọ fún wa pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti dá AstraZeneca dúró nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dì lára àwọn èèyàn díẹ̀. Ìbéèrè gidi nìyẹn, kì í ṣe àhesọ. Àwọn àgbà béèrè lọ́wọ́ mi, èmi oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, torí kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè bi.

Ní oṣù Kejìlá, nọ́ọ̀sì kan wá. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbé kúlà rẹ̀ wá sínú ọjà, ó bá àwọn ìyá ọlọ́jà jókòó lórí àpótí, ó sì fi èdè Ìjẹ̀ṣà bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀, àmì báyìí báyìí lẹ máa rí, bí ẹ bá rí i ẹ sáré wá bá mi, ilé mi rèé. Kò fi ọwọ́ bo nǹkan kan. Ó fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ìgò àkọ́kọ́ tán kí aago mọ́kànlá tó lù. Ó ṣí òmíràn. Màmá ẹlẹ́lùbọ́ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ na apá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ tó ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹnu ìsọ̀ rẹ̀ ló ti gbà á.

Èèyàn kan náà ni wọ́n, ọjà kan náà ni. Ẹ sọ fún mi ohun tó yí padà, bí kì í bá ṣe bí wọ́n ṣe gbé e wá.

4. Ọ̀rọ̀ káàdì, ní kúkúrú. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 2021 òṣìṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ fi káàdì abẹ́rẹ́ hàn tàbí èsì àyẹ̀wò tí kò tíì ju wákàtí méjìléláàádọ́rin lọ, àwọn kan wá bá mi pé kí n bá àwọn tẹ káàdì. Owó tí wọ́n fi lọ̀ mí pọ̀. N kò ṣe é. Àmọ́ àwọn mẹ́ta tó ti gba abẹ́rẹ́ lóòótọ́ náà wá, orúkọ wọn kò bára mu lórí káàdì àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n ti gbà á kò sì gbà láti tún un kọ. Ẹni tó ṣe ohun tó tọ́ kò rí ẹ̀rí mú lọ. Mo fi kún un kí ẹ lè mọ̀ pé títí dòní, àwọn ìyá ṣì ń bá irú rẹ̀ pàdé lórí káàdì ọmọ wọn.

5. Ẹ̀yin tí ẹ ní a kì í gba abẹ́rẹ́, ẹ bi ilẹ̀ yìí léèrè. Ilé ìwòsàn Wesley Guild níhìn-ín ni dókítà ọmọdé kan, David Morley, wá ṣiṣẹ́ ní 1956. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe káàdì tí wọ́n ń fi ìlà ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, èyí tí ìyá fúnra rẹ̀ ń gbé lọ sílé tó sì ń tọ́jú. Káàdì yẹn ti yí ká ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí abẹ́rẹ́ èéyi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní gbogbo Áfíríkà. Àwọn ìyá àgbà wa ló gbé ọmọ wọn sílẹ̀ fún un, torí èéyi ń pa ọmọ níṣojú wọn, àwọn tó gbé abẹ́rẹ́ wá sì ń gbé láàárín wọn, wọ́n mọ ilé ara wọn. Ìdílé tiwa náà ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ nínú àpótí ìyá mi àgbà. Mo máa ń rí i nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá àgbà sì máa ń pa á mọ́ pọ̀ mọ́ ìwé ilẹ̀.

Ìran àwọn yẹn lẹ ń pè ní aláìgba abẹ́rẹ́.

6. Ohun tí a ń béèrè. Ọmọ òṣómàáló ni wá. Bí àwọn baba wa ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe dúró ti ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ dá ọjọ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ padà sí dísípẹ́ńsárì àdúgbò wa. Èyí ló ṣáájú, a kò sì ní gba “a ó gbé e yẹ̀ wò” gẹ́gẹ́ bí èsì.

Ẹ kọ ìwé àṣẹ, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ìyá lè kà á: pé bí ó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló dé, kí wọ́n ṣí ìgò fún un, nọ́ọ̀sì tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ̀bi. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí wọ́n dá ọmọ padà torí ìgò. Ẹ̀yin náà mọ̀. Oògùn mẹ́sàn-án tó dànù ní owó, àmọ́ ìyá tí ẹ dá padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kì í padà wá mọ́, ọmọ rẹ̀ kan sì lè kó èéyi ran gbogbo ojúlé.

Ẹ ṣí ìwé kejì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àwọn tó gbà, kí ìwé àwọn tó wá tí wọn ò rí gbà wà, pẹ̀lú ìdí rẹ̀: abẹ́rẹ́ ò sí, wọn ò pé, fíríìjì ti bàjẹ́, òṣìṣẹ́ ò wá. Kí ẹ kà á jáde fún aráàlú lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí ẹ bá ti ní ìwé yẹn láti 2021, ẹ ò bá má kọ ohun tí ẹ kọ nípa wa.

Lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ ò bá sí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹ pe ìyálọ́jà, ẹ pe lèmọ́mù, ẹ pe pásítọ̀. Ẹ pe èmi náà. Màá kọ ọ́ sí pátákó iwájú ìsọ̀ mi, n kò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ wá fíríìjì tó ń lo sólà fún dísípẹ́ńsárì náà, torí iná tí à ń rí kò lè mú abẹ́rẹ́ wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa náà tún wà ńbẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá 2023 ni Ọ̀ṣun ti wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbà á. Ọmọ mi obìnrin ti gbà á, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn òbí tó ń bi mí léèrè nípa rẹ̀ lónìí ni àwọn kan náà tí ẹ dá padà nígbà Kòrónà. Wọn kò tíì gbàgbé.

Nóòtù mi wà ní ìsọ̀. Ẹ rán ẹnì kan wá, kí ó gbé ìwé tiyín dání, ká jọ jókòó ká kà wọ́n pa pọ̀. Àwọn orúkọ inú rẹ̀ jẹ́ tàwọn oníǹkan, nítorí náà n kò ní gbé e fún oníròyìn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lè rí i.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ọjọ́ àjẹsára tí ẹ fagi lé. Àwọn ìyá mọ́kànlá ti ní àwọn á wà ní dísípẹ́ńsárì náà láago mẹ́jọ àárọ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn àti káàdì wọn. Wọ́n ti pé. Ẹ fi nọ́ọ̀sì ránṣẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan nítòsí ọjà Àtàkúnmọ́sà, Iléṣà